Bàbá Ka-Eyín àti Ẹtu Tí Wọ́n Kà sí Ẹ̀tù

Ọ̀rọ̀ ẹtu ló gbé orúkọ Bàbá Ka-Eyín jáde. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni olóògbé yìí, ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, orí òkè ló ń gùn, tí yóò máa wá eegun ẹranko, tí yóò sì sọ ẹran tó ni ín. Lọ́jọ́ kan, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ láìfi àmì ohùn kankan sí i: "Mo ri etu ninu igbo. Mo n gbe e bo ni ofiisi." Ẹtu ló wà lọ́kàn rẹ̀, ẹran ìgbẹ́. Ẹ̀tù ìbọn ni ọ̀gá kà. Kó tó dé, ọlọ́pàá mẹ́rin ti dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn àpò lẹ́tà.

"Bàbá! Kí ló wà nínú àpò yẹn?" ọ̀kan nínú wọn ké.

"Ẹtu ni. Ó ti kú tipẹ́. Kò lè bú gbàù."

Ó yọ agbárí ẹtu jáde. "Ẹ ka eyín ẹ̀ kẹ́ ẹ tó pè é lórúkọ." Àwọn ọlọ́pàá kà á. Èyí tó ṣì í kà nínú wọn, Bàbá ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ajá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jẹ́ ká mọ bí agídí rẹ̀ ṣe tó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n jọ ń gbé. Ajá obìnrin náà sọnù, odidi ọdún kan ló sì fi ń pè é lójú fèrèsé. Bàbá wá rí eegun ajá lábẹ́ àpáta. Ẹsẹ̀ iwájú kan ti kán rí, ó sì ti san. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ló di ẹsẹ̀ yẹn nígbà náà. Bàbá jókòó sórí òkúta, ó sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí i. Ó ti kú."

"Ṣé o ka eyín ẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Gbé e wá fún mi. Kó pé o. Mi ò ní sin ìlàjì ajá."

Orúnkún Bàbá ti ń dun ún, síbẹ̀ Sátidé méje ló fi gun òkè náà. Kọ̀nkọ̀sọ̀ inú ilé ìdáná ló fi ń jọ iyẹ̀pẹ̀.

"Ta ló gbé kọ̀nkọ̀sọ̀ mi?"

"Iṣẹ́ yín ni mo fi ń ṣe, Ẹ̀gbọ́n."

Ó to àwọn eegun sórí ìwé ìròyìn ní pálọ̀. Eegun ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì rí. Òjò ti pa Bàbá, ó ń wúkọ́.

"Ó ti tó, àbúrò mi."

"Kò tó."

Ní Sátidé keje, ó fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ wọlé pẹ̀lú eegun tí kò tó ẹ̀wà. Wọ́n sin ajá náà sẹ́yìn ilé, ó pé pérépéré. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ti pe ajá mọ́.

Nígbà tí Bàbá náà kú, tí àwọn èèyàn wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kẹ́dùn, ẹ̀rín gba gbogbo pálọ̀, oníkálùkù ń sọ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Olórí kunkun," ó ní. "Mo ní ó ti tó, ó ní kò tó. Ta ló kù tó máa sọ fún mi pé kò tó?"