Ìró Àwo Létí Ràfátù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba, Ẹni tó fi amọ̀ gbígbẹ tó ń dún bí ìkòkò mọ ọmọ ènìyàn, tó fún un ní etí kí ó máa gbọ́, tó fún un ní ọkàn kí ó máa mọ ohun tó tọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀ lórí ẹ̀mí Àlájà Ràfátù ọmọ Ìbráhìm, aránwo àdúgbò Kpata tó ń rán àwo fífọ́ pọ̀, ẹni tó ti lo ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin lókè eèpẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbé ohun sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó wá a tì.

Ìbráhìm Onígbá ni gbogbo Kpata mọ bàbá rẹ̀ sí. Láti Ọ̀yọ́ ni àwọn baba rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ igbá wá sí Lọ́kọ́ja. Bí igbá bá fọ́ mọ́ Tápà lọ́wọ́, tàbí Ígálà, tàbí Ẹ̀bìrà, ọ̀dọ̀ Ìbráhìm ni wọ́n ń gbé e lọ. Yóò fi ìlu lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yóò fi okùn fà wọ́n mọ́ra, igbá yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá gbé àwo tánńganran wá, ẹ̀rín ni yóò fi lé e lọ. Yóò ní, "Igbá fọ́, ó rí okùn, àwo fọ́, ó rí ààtàn."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Ràfátù nígbà tó já ọ̀rọ̀ náà ní koro. Ó ṣa àwo pẹrẹsẹ kan tó ti là sí méjì lórí ààtàn. Ó ki ìlu bọ̀ ọ́ láti àárọ̀ kùtù, ó ń kán omi sójú ihò ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan kí ó má baà gbóná, títí wọ́n fi pe ìrun Àìlà. Wáyà bàbà tín-ín-rín ló fi ṣe okùn. Ó po ẹfun mọ́ funfun ẹyin, ó fi dí ojú rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, bàbá rẹ̀ bu omi sínú àwo náà, ó gbé e dání, ó ń wo abẹ́ rẹ̀. Omi kò jò.

"Ràfátù," ni bàbá rẹ̀ wí, "ìwọ náà lo wá sọ àgbà di òpùrọ́ yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yọ ìlu ọwọ́ rẹ̀ fún un.

Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin Lọ́kọ́ja ti ń gbé àwo àtijọ́ tọ̀ ọ́ wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni àwo ọbẹ̀ ńlá ẹlẹ́sẹ̀, ọlọ́mọrí, funfun balau, tí òdòdó búlúù yí lára ká, tí wọ́n sì fi omi wúrà kun ẹnu rẹ̀. Ilé ìtajà àwọn òyìnbó létí odò ni àwọn ìyá wọn ti rà á nígbà náà lọ́hùn-ún. Kì í ṣe ohun à-ń-lò lójoojúmọ́. Ọjọ́ ọdún, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ tí àna bá wá, ni wọ́n ń gbé e sórí tábìlì. Bí ilé kan sì ti ń yá èkejì ní àwo, olúkúlùkù obìnrin a máa fi ọ̀dà sàmì sí abẹ́ tirẹ̀ àti abẹ́ ọmọrí rẹ̀, kí ti ẹnìkan má baà di ti ẹlòmíràn lẹ́yìn àsè.

Ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni Ràfátù fi ń mú gbogbo wọn. Lọ́dún tí odò kún wọ Kpata, àwo oníbàárà mọ́kànlá ló kọ́kọ́ rù lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ó tó rántí àpótí aṣọ ara rẹ̀. Omi ti gbé àpótí náà lọ. Yàkúbù ọkọ rẹ̀, tó ń ta ẹja gbígbẹ, tó ti dolóògbé báyìí, wò ó títí.

"Ìyá Bàsítì, ṣé àwo ni wàá máa ró mọ́dìí lọ sọ́jà ni?"

"Tèmi ni aṣọ, Bàbá Bàsítì. Àmánà ni àwo, ohun tí wọ́n fi sọ́wọ́ mi. Ọlọ́run kò ní bi mí nípa aṣọ."

Ṣùgbọ́n etí ni Ràfátù fi ń ṣiṣẹ́ yìí ju ojú lọ. Kí ó tó ki ìlu bọ àwo, a máa fi èékánná kan án. Èyí tó bá yè yóò dún gbíín, ìró rẹ̀ yóò sì pẹ́ kí ó tó tán. Èyí tí ẹ̀là mìíràn bá fara pamọ́ sínú rẹ̀, tí ojú kò rí, yóò dún pẹ̀ẹ́ bí igi gbígbẹ. Èyí tó bá dún pẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ rí ìlu. Ẹfun ni yóò kọ́kọ́ mu, yóò sì sinmi fún ọjọ́ méje. Nípa ọgbọ́n etí yìí, láti ọgọ́ta ọdún, àwo kan kò fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé etí náà ti ń di. Láti bí ọdún kan, ó ń gbọ́ ìpè ìrun bí ẹni pé òdìkejì odò ni wọ́n ti ń pè é. Ó di ẹ̀bi náà ru ẹ̀rọ ìlọta tó wà nísàlẹ̀ ilé, ó sì pa á mọ́ra.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Fọláṣadé wọlé, obìnrin Ọ̀wọ́rọ̀ kan tó ń gbé ní àdúgbò Crusher, onígbàgbọ́ tí ìyá rẹ̀ àti Ràfátù ti jọ ń yá ara wọn ní àwo nígbà kan rí. Ó gbé nǹkan kan mọ́ àyà nínú aṣọ ìnura.

"Òkun o, Ìyá," ni ó fi kí i, bí wọ́n ti ń kí ara wọn nílé wọn.

"Òkun, ọmọ mi. Ojú rẹ rí báyìí. Ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni kò kú. Ọmọrí àwo màmá mi ló fọ́. Bàbá Ìbùkún ló ń wá rìmóòtù lórí kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ó rí rìmóòtù náà?"

"Abẹ́ ìdí rẹ̀ ló wà, Ìyá. Ó ti jókòó lé e látàárọ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Fọláṣadé kò pẹ́. Ìbùkúnolúwa, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, ni àwọn àna ń bọ̀ wá tọrọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Inú àwo yìí ni ìyá Fọláṣadé ti bu ọbẹ̀ fún àna gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ti fi sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni kí ó máa rí.

Ràfátù tú aṣọ náà. Ọmọrí ti là sí méjì gbọọrọ. Ó fi èékánná kan ìdajì àkọ́kọ́, ó kan èkejì, ó tẹ́tí.

"Ó dún," ni ó wí. "Máa lọ. Ní Jímọ̀, wá gbé e."

Nàbílà, ìyàwó Bàsítì ọmọ Ràfátù, ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó gbójú sókè. Létí tirẹ̀, ìdajì kejì kò dún gbíín rárá. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wo ni yóò kọ́ ìyá ọkọ ní iṣẹ́ ọgọ́ta ọdún? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́rú, bí ìlu ti wọ ihò kẹta, ọmọrí náà ta lọ́wọ́ Ràfátù. Ìdajì kan pín sí méjì. Ọ̀kan ṣubú sí itan rẹ̀, kò rí lójú rẹ̀ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ó ṣí ẹnu, ó ní, "Ìnnà lílláhì."

Nàbílà sáré jáde. "Ìyá, mo mọ̀. Kò dún lánàá."

"O ní kí ni?"

"Mo ní kò dún!"

Ariwo náà ni Ràfátù gbọ́, inú ariwo náà ló sì ti gbọ́ ohun méjì pọ̀: pé ọmọrí kò dún, àti pé aráalé ti mọ̀ pé etí òun di. "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ó dún, Ìyá. Kí ni tèmi níbẹ̀?"

Nàbílà wọ yàrá, ó gbé àwo ọbẹ̀ Ràfátù fúnra rẹ̀ jáde, èyí tí ìyá Ràfátù fi sin ín lọ sílé ọkọ. Òdòdó kan náà, wúrà kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ó ṣí ọmọrí rẹ̀.

"Ẹ̀kán ọ̀dà búlúù mẹ́ta ni àmì tiwọn. Mo ní ọ̀dà èékánná búlúù. Màá nu àmì tiyín kúrò, màá kán tiwọn síbẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

"Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ìyá, ẹ kò jí nǹkan ẹnìkan. Tiyín tó yè lẹ ń fi rọ́pò tiwọn tó fọ́. Ẹni tó san ju ohun tó jẹ, ṣé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ràfátù lára. Ó gbé ọmọrí tirẹ̀ lé itan, ó ń rò ó. Bí òun bá sọ òótọ́, ọgọ́ta ọdún yóò di ìtàn. Wọn yóò ní ọwọ́ ìyá àgbà ti tán, wọn kò sì ní gbé àwo wá mọ́. Bí òun bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò pàdánù bí kò ṣe òun. Bẹ́ẹ̀ ló rí lójú rẹ̀. Ó ṣe àlùwàlá, ó kírun Àìlà. Nígbà tó forí kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì yé e. Nígbà tó dìde, ó ká ẹní.

"Ìyàwó mi, kì í ṣe irú àmánà ni Ọlọ́run ní kí a dá padà. Àmánà náà gan-an ni. Pe kẹ̀kẹ́ wá."

Nígbà tí òun àti Nàbílà dé Crusher, Ràfátù tú ìdì méjèèjì sórí tábìlì Fọláṣadé: àfọ́kù lápá kan, ọmọrí tirẹ̀ lápá kejì.

"Ọwọ́ mi ló fọ́ ọ, ọmọ mi. Má jẹ́ ká pe orúkọ èṣù sí i. Etí mi ti di, mo sì fi pamọ́ fún gbogbo yín. Ọmọrí tèmi rè é. Gbà á, tìrẹ ni."

Fọláṣadé sún mọ́ tábìlì. Ó mú àfọ́kù kan, ó yí i padà. Ẹ̀kán ọ̀dà búlúù mẹ́ta wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ní ìrù gígùn tó ṣàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń fi àtàǹpàkò pa ìrù náà.

"Èmi ni mo gbá màmá mi lápá lọ́jọ́ tó ń kán ọ̀dà yìí," ni ó wí. "Ó gbá mi létí, ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ní pa á rẹ́."

Nàbílà wo ilẹ̀.

"Má bínú," ni Ràfátù wí.

"Inú ń bí mi, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí ó bí mi ná." Ó nu ojú. Ó wo ọmọrí Ràfátù, ó tún wo àfọ́kù. "N kò lè gba tiyín lọ́fẹ̀ẹ́. Kò ní ìrù. Ẹ bá mi rán tèmi."

"Ọjọ́ méje ni ẹfun yóò fi gbẹ kí n tó lù ú. Kò ní bá Sátidé."

"Ẹ yá mi ní tiyín lọ́jọ́ Sátidé, bí ẹ ti ń yá màmá mi. Lọ́jọ́ Ajé, màá dá a padà." Ó sì yí i padà wo àmì abẹ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbùkún kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn."

"Ẹ so rìmóòtù mọ́ wọn lọ́rùn," ni Nàbílà wí, ẹ̀rín sì gba ilé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn àna jẹ ọbẹ̀, wọ́n sì yin olùsè. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ràfátù jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Nàbílà ń fi èékánná kan àfọ́kù níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi orí ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń wo ojú rẹ̀ kí ó tó gbé ìlu. Okùn bàbà mọ́kànlá ló wọ ọmọrí náà. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé àwo dé báyìí, kí ó tó gbà á, Ràfátù á sọ fún un pé, "Etí ìyàwó mi ni mo ń lò o. Bí ó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, jókòó." Àwọn kan ti gbé àwo wọn padà. Àwọn tó pọ̀ jókòó.

Kí Ọlọ́run, Olùṣọ́ tí kì í ṣi ohun tí a fi sọ́wọ́ Rẹ̀ lò, ṣọ́ Ràfátù. Kí Ó fi ẹ̀mí gígùn àti ìlera jíǹkí rẹ̀, kí Ó tẹ́ Yàkúbù sí afẹ́fẹ́ rere, kí Ó bùkún Bàsítì àti Nàbílà, kí ọmọ wọn má fi òtítọ́ sílẹ̀ nítorí ìtìjú. Kí oúnjẹ má wọ́n nílé wọn, kí àlejò rere má dáwọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, kí ọjọ́ ìkẹyìn wọn sì sàn ju àkọ́kọ́ lọ. Àmín.