Ẹrù Tí Wọ́n Fi Pamọ́ Sọ́wọ́ Màmá Sítọ́ọ̀

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ló ṣẹlẹ̀ lójú mi. N kò bù mọ́ ọn, n kò sì yọ nínú rẹ̀. Mo ní láti sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Kàbà gbà pé ẹni tó bá lọ sí Àbújá kì í pa dà wálé láì pa irọ́.

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ẹtì kan ní ọdún 2016 ni màmá mi sìn mí dé gáréèjì. Mo ń gbé iṣu mẹ́rin àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan lọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Bọ́sẹ̀, tí a kò fojú kàn láti ọdún Kérésìmesì.

Màmá mi ní, "Wò ó dáadáa fún mi. Lórí fóònù, ó ń sọ pé kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dùn létí mi."

Owó ọkọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, wọ́n sì gba igba náírà lé e nítorí iṣu. Láti Kàbà dé Ọbájánà, kòtò pọ̀, tírélà sì pọ̀ ju kòtò lọ. Lẹ́yìn Lọ́kọ́ja, a gun afárá odò Ọya, ọ̀nà sì fẹ̀ sí i. Ní Gwagwalada mo ra másà, ìyẹn ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n ń dín nínú àwo oníhò; ó rọ̀ ju àkàrà wa lọ, ó sì kan díẹ̀. Nígbà tí mo sanwó, obìnrin tó ń tà á ní, "Yauwa!" Mo dúró, mo rò pé owó kò pé.

Awakọ̀ wa bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ Kàbà. Wọlé o, kí n má fi ẹ́ sílẹ̀ fún un."

Bọ́sẹ̀ ń gbé yàrá kan ní Dutse Alhaji. Ó dì mọ́ mi, ó sì pẹ́ kí ó tó fi mí sílẹ̀. Ó ti rù. Lẹ́yìn tí a jẹun tán ni ó tó sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Àjọ kan tó ń gbẹ́ kànga fún àwọn abúlé ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Jahi. Òun ló ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ímeèlì gbogbo òṣìṣẹ́, tó sì ń tọ́jú wọn. Inú fáìlì ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo lẹ́tà wọ̀nyí ń gbé. Détábéèsì ni wọ́n ń pè é. Fáìlì náà ti wú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ààyè tó wà, ó sì ti dá lẹ́tà dúró lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá wọn ti kìlọ̀ pé bí ó bá tún dúró ní ọjọ́ Ajé, Bọ́sẹ̀, tó ṣì wà lẹ́nu oṣù mẹ́ta ìdánwò, kí ó máa lọ sílé.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ kò pa àwọn lẹ́tà àtijọ́ rẹ́?"

"Mo kéde rẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ní èyí tó bá ti ju ọdún méjì lọ, mo máa pa á rẹ́. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí Màmá Sítọ́ọ̀! Gbogbo wọn ló wá di lẹ́tà tuntun. Ohun tí mo fẹ́ dín kù ti di ìlọ́po méjì."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, a wọ takisí aláwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà a wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ní Kàbà, ọ̀kadà ì bá gbé wa dé ẹnu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ìjọba kò gbà á láàyè nínú ìgboro Àbújá.

Ìgbà tí mo rí Màmá Sítọ́ọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ọmọ Ìyàrà ni, òun ló ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí àjọ náà. Lórí pẹpẹ rẹ̀ ni agbòjò mẹ́jọ wà, kọ́kọ́rọ́ ilé onílé, àti bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan. Kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí yóò fi nǹkan sí, ọwọ́ Màmá ló ń fi í sí.

"Okun o, ọmọ ìyá mi!" Báyìí ni àwa ará Okun ṣe ń kí ara wa, ó sì ya mí lẹ́nu bí ó ṣe dùn mọ́ mi tó.

Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀. Ó lè pa àwọn lẹ́tà náà rẹ́ láì bi ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. "Màmá, bí wọn ò bá kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ mi ló máa lọ."

"Ọmọ mi, ẹni tó ní 'Màmá, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀', ṣé kí n wí fún un pé mo ti dà á sí ààtàn?" Ó fa Bọ́sẹ̀ lọ́wọ́. "Dìde. A ó pè wọ́n. Kí oníkálukú wá gbẹ́rù rẹ̀, tàbí kí ó yọ̀ǹda mi."

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi ń ka orúkọ ẹni tó ni lẹ́tà, Màmá ń pè é lórí fóònù, Bọ́sẹ̀ ń pa èyí tí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ́.

Sáni awakọ̀, ọmọ Hausa tó dàgbà ní Ìlọrin, ni a kọ́kọ́ pè. "Kai, Màmá! Àwòrán ràkúnmí yẹn? Ẹ pa á rẹ́ o jàre. Mo ti gbàgbé pé mo fún yín."

"O gbàgbé, èmi sì ń ṣọ́ ràkúnmí láti ọjọ́ yìí! O jẹ mí ní oúnjẹ rẹ̀."

Kúnlé akọ̀wé owó kò gbà. Àwòrán ìkómọjáde ọmọ rẹ̀ ni tirẹ̀. Àbújá ni wọ́n ti tọ́ Kúnlé dàgbà, Yorùbá rẹ̀ sì ń fò bí ẹni tó ń ré kòtò kọjá: "Màmá, abeg, ẹ dúró. Mo ń bọ̀." Láti Kabusa ló ti wá, ó mú fílàṣì tí yóò kó àwòrán náà sí lọ́wọ́, ó sì gbé ọmọ náà mọ́ àyà.

Màmá gba ọmọ. "Ẹrù ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé! Kó fọ́tò rẹ lọ, jàre, kí o fi eléyìí sílẹ̀ fún mi."

Nígbà tó fi di aago kan ọ̀sán, ó ku lẹ́tà ẹnì kan. Ládi, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà, tí iṣẹ́ rẹ̀ parí lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ló ni ín. Tirẹ̀ tóbi ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ. A pè é títí. Fóònù rẹ̀ kò ṣí.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò, bóyá kò wúlò."

Màmá ní, "Mi ò kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù. Ọwọ́ mi ló fi í sí, ibẹ̀ ni yóò bá a."

Bọ́sẹ̀ wá ṣàlàyé fún mi pé pípa lẹ́tà rẹ́ nìkan kò lè mú kí fáìlì náà kéré. Ó dà bí àká: bí a bá kó iṣu kúrò, àká kò tìtorí bẹ́ẹ̀ súnkì. A ní láti kọ́ àká kékeré mìíràn, kí a kó iṣu tó kù sínú rẹ̀, kí a tó wó ti àtijọ́. Ilẹ̀ tí a ó kọ́ tuntun sí sì gbọ́dọ̀ wà. Bí a bá yọ ti Ládi, ilẹ̀ yóò ṣẹ́ kù. Bí a bá fi í sílẹ̀, bóyá ni yóò tó.

"Bí kò bá wá tó ńkọ́?"

Bọ́sẹ̀ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sí díìsìkì kan lọ́tọ̀, èyí tí ẹ̀dà náà kún dé ẹnu, ó dá sáfà dúró, ó wo Màmá, ó sì tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀. Ti Ládi wà nínú rẹ̀. Ìlà kan ń rìn lójú kọ̀ǹpútà bí ìgbín. Màmá fi ọwọ́ lé ẹ̀gbọ́n mi léjìká, kò sì gbé e kúrò. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ìlà náà dé òpin. Fáìlì tó jẹ́ gígábáìtì àádọ́rùn-ún ti di mọ́kànlélógójì. Bọ́sẹ̀ gbé orí lé tábìlì, ó sunkún díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni mo pa dà. A ti kọjá Àbájí nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé: "Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀. Ọ̀gá ti buwọ́ lu ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi." Mo kà á sókè fún gbogbo inú ọkọ̀, obìnrin tí n kò mọ̀ rí sì pàtẹ́wọ́.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé iṣẹ́ tó dà bí ti ẹ̀rọ lè jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ àti sùúrù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé, tí mo ń ròyìn fún màmá mi, Bọ́sẹ̀ pè, ó sì sọ fún wa pé ní ìparí ọdún ni Màmá Sítọ́ọ̀ yóò fẹ̀yìn tì. Bí òṣìṣẹ́ bá ti lọ, wọ́n ń pa àpótí lẹ́tà rẹ̀ rẹ́ ni.

Màmá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè kan ni ó bi í: "Ta ni yóò wá bá Ládi tọ́jú ẹrù rẹ̀?"