Oúnjẹ Tí Ìyá Bàbá Mi Jẹ ní Róòmù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí epo rọ̀bì ń sọ ọmọ tálákà di olówó ní ọ̀sán kan òru kan, bàbá mi kó wa lọ sí Róòmù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti Ìsọlọ̀ ni a ti lọ, nínú ilé alájà méjì tó wà létí títì tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí. Òkúta dídán tí àwọn olówó fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé ni bàbá mi ń kó wọlé láti Ítálì, òyìnbó tó ń tà á fún un ló sì ní kó mú ẹbí rẹ̀ wá. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò lè lọ, ni ìyá bàbá mi bá tẹ̀ lé èmi àti àbúrò mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìyá tó jẹ́. Igi ìdáná ló rù tà títí orí rẹ̀ fi pá láàárín, kí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lè kàwé. Ìlà kún ojú rẹ̀. Láràárọ̀, kí bàbá mi tó jáde, á dúró níwájú rẹ̀, ìyá á fi oríkì kí i: "Àdìgún, ọkọ mi, o ó jáde ire, o ó wọlé ire." Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lè má mọ̀, ṣùgbọ́n bí ìyá bá pe oríkì ọmọ rẹ̀, orí ọmọ náà á wú. Bàbá mi kì í lọ síbi òwò láìgbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì tí a dé Róòmù, a rìn títí. A wo ilé ribiti kan tó ti wó dé ìdajì, ìyá ní bí àwọn òyìnbó ò bá lówó àtitún un ṣe, kí wọ́n wá bá Àdìgún. A dé ibi tí omi ń tú jáde lára òkúta, tí àwọn èèyàn ń ju owó sínú rẹ̀, ó bi wá pé òrìṣà wo ni wọ́n ń bọ níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

Ìgbà tí a jókòó jẹun ní ilé oúnjẹ kan pẹ̀lú òyìnbó tó ń ta òkúta náà àti ìyàwó rẹ̀ ni nǹkan bàjẹ́. Wọ́n gbé sùpàgẹ́tì àti ẹran ńlá wá. Ẹ mọ̀ pé àgbà wa kì í dá ẹran jẹ tán lójú ọmọdé. Ìyá fi ọwọ́ ya ẹran tirẹ̀, ó fi lé èmi àti àbúrò mi lọ́wọ́, ó sì pọ́n ọwọ́ lá. Ìyàwó òyìnbó bi bàbá mi pé ta ni màmá yìí. Bàbá mi wo ìlà ojú ìyá rẹ̀, ó wo ọwọ́ tí ọbẹ̀ kún, ó ní, "Háúsìgẹ́ẹ̀lì wa ni."

Òyìnbó ní kí ló dé tí wọ́n fi há ọmọ ọ̀dọ̀ mọ́ àárín àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó pe agbáwo, wọ́n sì gbé àga ìyá lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń jẹun. Bàbá mi tẹjú mọ́ àwo. Ó ń jẹ sùpàgẹ́tì rẹ̀ lọ. Ìyá ti gbọ́ ọ: ẹni tó ti gbé Ìsọlọ̀ kò nílò ògbufọ̀ fún háúsìgẹ́ẹ̀lì. Ìyá gbé àwo rẹ̀, ó lọ jókòó, ó sì jẹ ẹran tó kù tán, kò ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi dúró níwájú rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá." Èèwọ̀ ni, kí ìyá kúnlẹ̀ kí ọmọ tó bí! Bàbá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹyin lohùn, ó ti fọ́. A padà dé Ìsọlọ̀, ó kó pásítọ̀ àti àwọn àgbà ẹbí wá bẹ̀ ẹ́. Ìyá ní òun ò bínú, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ kì í pe oríkì ọ̀gá rẹ̀. Orí òkúta dídán tó ti Ítálì wá ló ń kúnlẹ̀ sí láràárọ̀, tí àwọn ayálégbé ń yọjú wò ó. Bàbá mi wá ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde nínú ilé ara rẹ̀.

Ọjọ́ tí ìyá máa kú, bàbá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ní, "Ìyá mi, ẹ pè mí, lẹ́ẹ̀kan péré."

Ìyá wò ó. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ẹ tọ́jú mi." Ó sì dákẹ́.

Ayé ti yí. Owó epo ti fò lọ, òkúta dídán ilé wa ti sán. Lónìí, ta ni kì í mú ìyá rẹ̀ lọ sókè òkun kó lọ bá a wẹ ọmọ? Ẹ ń ya fọ́tò, ẹ ń fi ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò yín lọ́hùn-ún bá béèrè, kí lẹ máa ń pe ìyá náà? Bàbá mi dàgbà gan-an kó tó lọ. Láràárọ̀ ló máa ń ní kí n pe oríkì òun, èmi náà á sì pè é. Á gbọ́ ọ tán, á mi orí, á ní kò dún bẹ́ẹ̀.