Bí Kẹ̀kẹ́ Gẹdú Ṣe Pín Eré

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n èmi ni mo tún ẹ̀kọ́ físíìsì ṣe l'Ọ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ béèrè.

Ayé owó epo ni. Gbogbo èèyàn ń kọ́lé, gbogbo ilé sì ń fẹ́ pákó. Èmi ni olórí àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ gẹdú lójú irin dé ẹnu ayùn ní sọ́ọ̀mìlì kan. Igi ìgbà náà kì í ṣe ẹgbẹ́ tòní. Ewúrẹ́ mẹ́fà lè sùn sórí kùkùté kan kí wọ́n má fara kanra. Mo kà wọ́n.

Tíṣà kan tí ìjọba gbé wá láti Èkìtì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Ilé-ìwé náà ò ní irinṣẹ́, ìdánwò àṣekágbá sì ti sún mọ́lé. Ó wá bẹ ọ̀gá wa pé kó yá àwọn ní kẹ̀kẹ́.

Ọ̀gá ní, “Ìgbà oúnjẹ ọ̀sán nìkan ni. Tí n kò bá rí ọgbọ́n níbẹ̀, ẹ má padà wá.”

Tíṣà kọjú sí àwọn ọmọ. “Ẹ mú ìwọ̀n nǹkan, ẹ fi eré rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, moméńtọ̀mù nìyẹn. Bí nǹkan méjì bá kọlura, kì í sọnù, wọ́n máa pín in ni.”

Èmi pè é ní ẹrù eré.

Kẹ̀kẹ́ òfìfo kan rin ìwọ̀n gígùn pákó kan ní ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ó kọlu irú rẹ̀ kejì tó dúró, ìkọ́ so wọ́n pọ̀. Ó yẹ kí eré dín sí ìdajì, kí àwọn méjèèjì fi àáyá mẹ́rin rin gígùn pákó mìíràn. Wọn ò lò tó mẹ́ta.

Ọmọbìnrin kan ní, “Sà, wọn ò pín in o. Wọ́n tún jogún kún un.”

Àwọn ọmọ fi Tíṣà rẹ́rìn-ín. Òógùn bò ó. Ó rọra sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, bí àwọn ọmọ yìí bá lọ sílé báyìí, wọn ò ní gba ohunkóhun tí mo bá kọ́ wọn gbọ́ mọ́.”

Mo mọ ohun tó fà á. Àwa atikẹ̀kẹ́ la to irin náà kó dagẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ ayùn, kí gẹdú lè máa dá lọ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá rò pé agbára apá wa ni. Bí mo bá sọ̀rọ̀, àṣírí tú. Bí mo bá dákẹ́, Tíṣà gbé.

Mo ní, “Tíṣà, irin ló ń bá yín tì í. Ó dagẹ̀rẹ̀.”

Ọ̀gá wò mí. “Apá tí ò ń fọ́nnu sí látijọ́ nìyẹn?”

“Ọ̀gá, orí náà bá apá ṣe é.”

A fi igi gbọọrọ gbé irin sókè, a ki ègé pákó sábẹ́ rẹ̀ títí omi inú abọ́ tí mo gbé lé kẹ̀kẹ́ fi bá etí abọ́ dọ́gba yíká. A gbá ìyẹ̀fun pákó kúrò, mo ta epo pupa sí ìdí táyà irin. Wọ́n tún dán an wò: àáyá méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin géérégé.

Tíṣà ní ká gbé kẹ̀kẹ́ kẹta lé orí èyí tó dúró. “Àáyá mélòó báyìí?”

Àwọn ọmọ ní márùn-ún. Mo ní, “Mẹ́fà. Ẹrù eré ẹnì kan, ẹnu mẹ́ta ló fẹ́ jẹ ẹ́.”

Mẹ́fà ló lò. Ìgbà oúnjẹ ti parí, ayùn ti fẹ́ dún, ọ̀gá gbọ́wọ́ sókè pé kó dúró ná. Tíṣà na ṣọ́ọ̀kì sí mi pé kí n kọ ọ́ sára pákó. Mẹ́fà mi kọjú sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́fà ni, ìkankan nínú àwọn ọmọ náà ò sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ní, “Kí irin wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe ìdánwò wọn.”

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ò kí mi fún oṣù kan gbáko. Apá mi wú, mo sì ń ti gẹdú, mo ń súfèé.