Orúkọ Tí Báńkì Ní Kí N Pè

Ìgbà tí a ṣì ń ná pọ́n-ùn àti ṣílè ni mò ń rántí yìí, nígbà tí mò ń ta ẹ̀gúsí. Láti Ìdèrè ni mo ti ń kó o lọ sí Ìbàdàn, mo sì jẹ́ ẹni tí kì í rí nǹkan kó má bi í léèrè. Bí awakọ̀ bá ń bu omi sínú ẹ́ńjìnnì, mo máa fẹ́ mọ ibi tí omi náà ń gbà jáde. Bí àjèjì bá ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo máa fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pe oúnjẹ náà nílùú wọn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà, mo sì gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba àṣẹ. Ìyá ọkọ mi a máa ní ẹnu mi ló kọ́kọ́ wọlé ọkọ, pé èmi alára ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé e ni.

Lọ́dún náà, sòbìà dá ọkọ mi dùbúlẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ sòbìà, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Aràn ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ẹsẹ̀ èèyàn ló máa ń gbà yọ, a ó sì máa fi igi kékeré yí i jáde díẹ̀díẹ̀, tí géńdé ọkùnrin yóò máa sunkún bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tó yẹ kí àgbẹ̀ máa kọ ebè de òjò, orí ẹní ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin agbo ilé wa máa ń wà. Àwọn elétò ìlera tó ń ti Ìgbó-Ọrà wá ti sọ fún wa pé omi adágún tí à ń mu ló ń fà á. Àwọn bàbá wa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Omi tí baba wọn mu, tí baba baba wọn mu!

Ẹnì kan ló gbà wọ́n gbọ́ nínú ilé wa, òun ni àbúrò ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ wọn, ó sì ń kàwé mọ́ ọn. Ó ránṣẹ́ sílé pé kí a gbẹ́ kàǹga sínú agbo ilé, òun ni yóò san owó rẹ̀. A pe agbẹ́kàǹga. Ọkùnrin náà gbẹ́, ó gbẹ́, títí ó fi kan àpáta. Ó wá jókòó sí ẹnu kòtò, ó ní òun kò ní fọ́ àpáta láìrí owó, pé bí ọjà tó ń bọ̀ bá ti ná tán, òun ń kó irinṣẹ́ òun lọ sí Àyétẹ̀, wọ́n ti ń dúró de òun níbẹ̀. Òjò sì ti ń ṣú lójoojúmọ́. Bí òjò bá dé bá kòtò náà bẹ́ẹ̀, yóò ya lulẹ̀, a ó tún padà sí ìdí adágún, sòbìà yóò sì tún bá wa lálejò lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọrùn mi ni gbígba owó náà wà. Nítorí pé èmi ni mo mọ Ìbàdàn jù nínú ilé, wọ́n ti bá mi ṣí àkáǹtì sí báńkì kan níbẹ̀. N kò mọ̀wé nígbà náà. Àtàǹpàkò ni mo tẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ní láti inú àkáǹtì òun ní Lọ́ńdọ̀nù ni òun yóò ti fi owó sọ sínú àkáǹtì tèmi. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n gbádùn. Owó tó wà lókè òkun, báwo ló ṣe máa dé Ìbàdàn tí ẹnikẹ́ni kò rù ú? Mo bi awakọ̀ bọ́lẹ̀kájà tó ń gbé wa. Ó ní inú àpótí irin ńlá ni wọ́n ń kó o sí nínú ọkọ̀ ojú omi, pé òun ti rí irú àpótí bẹ́ẹ̀ rí ní Àpápá. Mo bi alífáà ilé kéú. Ó ní rárá, inú wáyà ló ń gbà. Lọ́jọ́ tí mo tún ń lọ sọ́jà, mo wo wáyà ẹ̀gbẹ́ títì Èrúwà títí ọrùn fi ń dùn mí. Ẹyẹ nìkan ni mo rí lórí ẹ̀.

Bí a ṣe gbọ́ pé owó ti dé, ìyá ọkọ mi ní òun ń bá mi lọ. A ní ọ̀nà jìn, a ní eruku pọ̀, kò gbọ́. Ó ní ẹni yòówù tó gbé owó náà wá, yóò ti fojú kan ọmọ òun. Òun fẹ́ bi í bóyá ó sanra, bóyá ó ń jẹun kánú. Ó di èlùbọ́, ó di irú sínú ewé, pé kí onítọ̀hún bá òun gbé e lọ fún un nígbà tó bá ń padà. Irú tútù ni o. Kí a tó dé Èrúwà, gbogbo èrò ọkọ̀ ti mọ ohun tí ìyá gbé sórí itan.

Báńkì náà tutù, ó sì dákẹ́ bíi mọ́ṣáláṣí tí wọn kò tíì pe ìrun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dá wa lóhùn, akọ̀wé tó so táì mọ́rùn, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Kí n tó la ẹnu, ìyá ọkọ mi ti kí i tán, ó ti bá a débi ọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, ẹni tó gbé owó wá láti Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Mo fẹ́ rí i."

Akọ̀wé náà ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó gbé e wá o. Ìwé ni báńkì tọ̀hún kọ sí wa pé àwọn ti gba owó lọ́wọ́ ọmọ yín, kí àwa fi owó ọwọ́ wa sínú àkáǹtì ìyàwó yín. Àwa àti àwọn la jọ máa ṣírò tó bá yá. Owó tiẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún."

Ìtura bá mi! Ohun tó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ yìí, kò ju ohun táwa oníṣòwò ń ṣe lọ: bá mi fún èèyàn mi ní Èrúwà, màá fún èèyàn tìẹ níbí. Mo fẹ́ máa bi í ní ìbéèrè lọ, ṣùgbọ́n mo wo ojú ìyá ọkọ mi, mo rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́ lójijì. Ó di irú rẹ̀ mú sí àyà. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé nínú gbogbo yín, kò sẹ́ni tó rí i?"

Akọ̀wé ní kò sí. Ó wá kọjú sí mi, ó ní ó ku nǹkan kan kí àwọn tó tú owó náà sílẹ̀. Ẹni tó bá tẹ àtàǹpàkò ṣí àkáǹtì, ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ sí i láti òkèèrè.

Mo ní, "Ọkọ mi ni."

"Kí lorúkọ ọkọ yín?"

"Ọkọ mi ti ilé kọ́. Ìyẹn wà lórí ẹní, sòbìà ló ń dà á láàmú. Ọkọ mi ti Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń wí."

Ọ̀gá wọn, òyìnbó tó jókòó sí yàrá oníjígí, ti jáde sí wa. Bóyá òórùn irú ló pè é. Akọ̀wé túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún un. Òyìnbó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó béèrè pé ọkọ mélòó ni mo ní gan-an. Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ṣàlàyé fún un pé nílẹ̀ wa, gbogbo ọmọ ilé ọkọ ni ọkọ obìnrin. Òyìnbó mi orí, ó ní ó dáa, kí n ṣáà sọ orúkọ ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

"Eyínmẹ́nugún ni."

Akọ̀wé wo ìwé iwájú rẹ̀. Kò sí Eyínmẹ́nugún níbẹ̀. Níbo ló ti fẹ́ wà níbẹ̀? Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tí mo wọlé ọkọ, nítorí eyín rẹ̀ funfun, ó sì gún. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tí kò tíì rìn. Orúkọ tí ìwọ bá fún un lo máa fi pè é títí ayé. Mo mọ orúkọ àbísọ rẹ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n kò gba ẹnu mi kọjá rí. Ìyàwó kan nínú agbo ilé wa ṣèèṣì pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ìyá ọkọ mi yìí gan-an ló ní kó wá kúnlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ilé, àtàgbà àtèwe. Ó sì nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Èmi ẹlẹ́nu, ẹnu mi wá di. Mo wo ilẹ̀, mo wo òkè. Ìyá ọkọ mi ní òun yóò bá mi pè é, ó sì pè é. Akọ̀wé ní, "Màmá, mo gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin lẹ tẹ àtàǹpàkò." Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó káàánú wa. Òyìnbó ní kò yé òun. Obìnrin wá gba owó, kò lè sọ ẹni tó fún un? Bí n kò bá sọ ọ́, ó ní owó náà yóò padà síbi tó ti wá, kí ẹni tó ni ín tún un fi ránṣẹ́ bí ó bá fẹ́.

Yéè! Mo rí agbẹ́kàǹga tó ń di ẹrù rẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ ọkọ mi. Mo kúnlẹ̀ sí iwájú ìyá ọkọ mi nínú báńkì, omi ń bọ́ lójú mi, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí."

Ó gbé irú rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, dìde. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ ń jẹrà nílé. Èmi tí mo bí àbúrò rẹ̀ ni mo ní kí o pè é. Pè é, kí n gbọ́."

Mo dìde. Mo sì pe orúkọ ọmọ ilé ọkọ mi, gbangba, láàárín àwọn àjèjì.

Bí mo ṣe pè é tán, ìyá ọkọ mi dáhùn. Ó ní, "Hùn-ún." Àfi bí ẹni pé òun ni mo pè. Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu, ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lórí ìlà mọ́. Òyìnbó sọ ọ̀rọ̀ kan jẹ́jẹ́, ó padà sínú yàrá rẹ̀, akọ̀wé sì lu òǹtẹ̀.

Ìyá gbé èlùbọ́ àti irú náà fún akọ̀wé. Ó ní, "Ọmọ ẹnì kan nìwọ náà."

Nígbà tí a jáde, mo tún kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Mo rò pé inú ń bí i. Ó fà mí dìde. Ó ní, "Ta ló ń bínú? Láti ọjọ́ tó ti lọ, n kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹ̀yin ìyàwó ń pè é ní Eyínmẹ́nugún. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é ní ará Lọ́ńdọ̀nù. Èmi náà, bí mo bá dá pè é, ẹkún ló máa ń gbà mí. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé bóyá n kò tiẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Tún un pè."

Mo tún un pè. Inú bọ́lẹ̀kájà, mo pè é. A kọjá Èrúwà, ó ní kí n tún un pè, ó sì ń jẹ́ ẹ lóhùn kékeré.

Agbẹ́kàǹga fọ́ àpáta kí òjò tó dé. Omi tó jáde kọ́kọ́ pupa, ó wá mọ́ gaara. Ọkọ mi dìde, ó padà sóko, sòbìà kò sì tún dá a dùbúlẹ̀ mọ́. Níwájú èèyàn, Eyínmẹ́nugún ni mò ń pe àbúrò rẹ̀, bó ṣe yẹ ìyàwó ilé. Ṣùgbọ́n bó bá ku èmi àti ìyá ọkọ mi nìkan nídìí ààrò, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò ní, "Ìyàwó, pè é." A ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi lọ bá Ọlọ́run. Ọmọ rẹ̀ dé láti Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn náà, ó ti hu ewú, eyín rẹ̀ sì ṣì funfun. N kò lè sọ ohun tí èmi àti ìyá rẹ̀ máa ń ṣe nídìí ààrò fún un.

Èmi ni ìyá àgbà nínú agbo ilé náà báyìí. Ọmọ tèmi ló wà ní Kánádà, ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé lọ́dọ̀ mi kó tó lọ bá a. Owó rẹ̀ kò pẹ́ lọ́nà mọ́. Kí n tó mu omi tán, fóònù ti dún pé ó ti dé. Ìyàwó náà kì í fún èèyàn ní orúkọ ìnagijẹ. Orúkọ àbísọ ọmọ mi ló ń fi pè é lórí fóònù, ketekete, gbogbo agbo ilé ń gbọ́. Àwọn àgbà obìnrin ilé wa ti wá fẹjọ́ sùn mí, wọ́n ní kò ní ẹ̀kọ́, kí n bá a wí. Mo ní mo ti gbọ́. Bí fóònù rẹ̀ bá sì ti dún, mo máa ń fa àpótí mi sún mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, màá dákẹ́, màá sì dúró de ìgbà tí yóò pè é.