Òòyà Mummy Àsúmáù Lórí Pápá Peckham

Àdúrà ni àbí òòyà? Títí di òní olónìí, Lois kò tíì rí èsì ìbéèrè yìí, bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọn ì bá jọ jiyàn rẹ̀ ti lọ sùn sábẹ́ ilẹ̀.

Ọjọ́rú kan ni, ní oṣù kẹrin, lórí pápá Peckham Rye ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Lois jẹ́ kóòṣì fún ni wọ́n ń nà bí ẹni ń lu bàrà. Mẹ́ta sí òdo. Lois, tó tún jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá ìlà funfun, ó dijú, ó ń sọ pé, "Baba, gólù kan péré." Nígbà tó máa lajú, ta ló rí láàárín pápá? Mummy Àsúmáù, onídìrí òpópó Rye Lane, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, nínú ìbòrí aláwọ̀ ọsàn, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ sínú sálúbàtà. Bọ́ọ̀lù ṣì ń lọ o! Mummy kò wo bọ́ọ̀lù. Ó ti gbá orí Kíkí mú, Kíkí tó ń gbá iwájú, ó sì ń fi ìrù òòyà fa ìlà láti iwájú orí ọmọ náà dé ìpàkọ́.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lára? Ibí yìí ni kó o gbà! Àárín àwọn méjì tó dúró yẹn. Irun kì í hù lójú ìlà!"

Rẹfirí fọn fèrè títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ọmọkùnrin òyìnbó jẹ́jẹ́ kan ni. Ó ní, "Madam, you can't be here."

"Mo ti wà níbẹ̀ ná," ni Mummy fi dá a lóhùn.

Ọmọkùnrin náà yọ káàdì pupa sí i. Mummy yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó jù ú sínú báàgì. Nígbà tí wọ́n tọrọ rẹ̀ padà, ó ní, "O ti fún mi, o tún fẹ́ gbà á? Ṣé ọmọdé lo pè mí ni?" Ara dígí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló lẹ káàdì náà mọ́. Àwọn oníbàárà rò pé láíséǹsì ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, Kíkí gba ojú ìlà, ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Gólù àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà fi ẹsẹ̀ ara wọn gbá láti oṣù kẹsàn-án nìyẹn. Wọ́n ṣì pàdánù, mẹ́ta sí ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ijó tí wọ́n jó á rò pé àwọn ló borí. Lois nìkan ni kò jó. Ó dúró tòun ti ẹrẹ̀ lórúnkún, kò mọ ẹni tí òun á kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé orí pápá, orí ìjókòó onídìrí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí oṣù kejì, Jabez, ọ̀gá eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, pe Lois sí ọ́fíìsì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó tilẹ̀ fún un ní tíì kó tó sọ ọ́. Ó ní kí ìgbà ìrúwé tó parí, ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ẹyọ kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á gbé pápá Ọjọ́rú fún àwọn mìíràn, ẹgbẹ́ obìnrin á sì túká. Tíì náà tutù sí Lois lọ́wọ́. Nusaybah ló ń rò, ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ aláìsàn nílé, tó ti sọ fún un rí pé, "Miss, Wednesday nìkan ni mo máa ń rántí pé seventeen ni mí."

Gbogbo ìgbà òtútù ni Lois ti fi ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mọ́kànlá, gólù kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ọmọ ẹgbẹ́ kejì ló sì ṣèèṣì gbá ìyẹn sílé ara rẹ̀. Ìgbàgbọ́ Lois kò tíì yẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń mì díẹ̀díẹ̀ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ní ọjọ́ Sátidé, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún Mummy Àsúmáù, ó rojọ́ gbogbo rẹ̀. Mummy fetí sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

"Àwọn tó ń sá síwájú yẹn, ẹni mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́ta, Mummy."

"Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà?"

Lois kó píìnì irun mẹ́ta, ó tò wọ́n sílẹ̀, ó fi ìka tì wọ́n lọ bí wọ́n ṣe máa ń sá. Gbogbo wọn parí sójú kan, níwájú gólù.

Mummy pariwo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa irun tu. "Ṣùkú lẹ ń dì! Gbogbo yín ń rọ́ wá sí àtàrí! Ẹni tó bá fẹ́ mú yín, ó kàn máa gbé àga síbẹ̀ ni, á jókòó, á máa dúró dè yín!"

"Mummy, ṣé ẹ máa ń wo bọ́ọ̀lù ni?"

"Bọ́ọ̀lù wo? Orí ni mò ń wò láti ọdún márùndínláàádọ́ta. Ọjọ́ wo lẹ ń ṣe ìdánrawò?"

Ó dé ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, ó gbé ìjókòó rọ́bà dání. Kíkí wò ó láti òkè délẹ̀. "Miss, who's this aunty?"

"Ẹ kí Mummy Àsúmáù. Wọ́n wá kọ́ wa ní..." Lois kò mọ bí yóò ṣe parí rẹ̀.

"Irun," ni Mummy bá a parí ẹ̀.

Ó ní kí wọ́n pa ṣùkú tì, pàtẹ́wọ́ ni wọn yóò máa dì. Kíkí á gba ẹ̀gbẹ́ òsì, Nusaybah á gba ọ̀tún, wọ́n á máa bọ̀ wá pàdé láàárín bí àtẹ́lẹwọ́ méjì, Tẹniọlá, ẹni kẹta wọn, á sì dúró lẹ́yìn wọn di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé kó tó ti bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Nígbà tí pàtẹ́wọ́ mọ́ wọn lára, ó tún kọ́ wọn ní ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó ń ti ìpàkọ́ bẹ̀rẹ̀ tó sì ń sá wá síwájú orí.

"Mummy, wait. Ẹ ní kí n máa sáré bíi pig?" ni Kíkí wí.

"Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń sáré sàn ju ọmọge tó dúró lọ."

Ìdúnàádúrà nìkan ni ẹnikẹ́ni kò lè bá a ṣe. Bó bá ní kí wọ́n sá a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, Tẹniọlá á ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, márùn-ún."

"Méjìlá."

"Ah ah! Mummy, mẹ́wàá lẹ sọ lẹ́ẹ̀kan!"

"Ìgbà tí ẹ kò tíì ná an nìyẹn."

Ọdún náà, ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí oṣù kẹta. Mummy ń gbà á, Nusaybah ń gbà á, síbẹ̀ Mummy kò jókòó. Nusaybah wọ ìbòrí, Mummy kò sì lè tú orí ọmọ ọlọ́mọ lójú pápá kó lè fa ìlà sí i. Nítorí náà ó gbé orí rọ́bà tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá, ó ti di ìdajì irun rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ níwájú gólù. Baba òyìnbó kan ń fa ajá rẹ̀ kọjá. Ajá náà rí orí nínú koríko, ó gbó. Baba náà rí i, igbe tirẹ̀ ju ti ajá lọ. Ó ń béèrè pé orí ta nìyí. Mummy nawọ́ sókè láti ọ̀ọ́kán, ó fi òyìnbó tirẹ̀ dáhùn pé orí òun ni, kí wọ́n jọ̀ọ́ má jẹ́ kí ajá tú irun òun.

Oṣù kẹta parí, gólù kò wá, ṣùgbọ́n ojú ń rí ìyàtọ̀. Nígbà kan, aṣọ́lé àwọn ẹgbẹ́ kejì máa ń kó ọwọ́ sápò nítorí òtútù. Ní báyìí, ó ń làágùn. Bọ́ọ̀lù ń ba òpó, ó ń fò ré kọjá lókè. Ẹ̀yìn èyí ni oṣù kẹrin dé, tí Mummy wọ pápá, tí Kíkí gba ojú ìlà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Lois bá a gbé ìjókòó rọ́bà lọ sí ibùdókọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Mummy, mo gbàdúrà láti ọjọ́ yìí, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ gbé òòyà dé, gólù wọlé. Kí ni kí n rò báyìí?"

"Àwọn tó ń nà yín yẹn, ṣé àwọn ò ní ẹni tó ń gbàdúrà fún wọn ni?"

Lois kò rò ó débẹ̀ rí. Ó pààrọ̀ ọwọ́ tó fi gbé ìjókòó.

"Èmi ò jókòó sídìí irun rí kí n má wí Bìsìmíláì," ni Mummy ń bá a lọ. "Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Bìsìmíláì, ọwọ́ mi náà ló ń dì í o. Irun kì í di ara ẹ̀."

"Òòyà ni nígbà yẹn."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀? Ta ló ni ọwọ́?"

Bọ́ọ̀sì dé, ó gba ìjókòó rẹ̀, ó wọlé, ó sì fi Lois sílẹ̀ níbẹ̀ tòun ti ìbéèrè méjì dípò ẹyọ kan.

Nítorí ọ̀rọ̀ káàdì, àwọn tó ń ṣètò ìdíje kọ lẹ́tà pé ìyá náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹ̀bá pápá mọ́ títí sáà náà yóò fi parí. Ẹgbẹ́ náà ta ọ̀mì kan, méjì sí méjì. Wọ́n pàdánù òmíràn, mẹ́ta sí méjì. Àwọn iwájú ti ń gbá gólù, ṣùgbọ́n ẹyọ kan tí Jabez béèrè kò tíì wá. Ó wá ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ní ìparí oṣù karùn-ún.

Lọ́jọ́ náà, Mummy kò wá sí ẹ̀bá pápá. Ibùdókọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ló lọ jókòó sí, tó kọjú sí gólù tààrà. Ó ní ìjọba ló ni ibùdókọ̀, kí ẹni tí kò bá fẹ́ lọ bá ìjọba jà. Gbogbo bọ́ọ̀sì tó bá dé ló ń dúró gbé e. Awakọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ṣí ilẹ̀kùn fún un. "Mummy, ibo lẹ ń lọ?"

"Mi ò lọ ibì kankan. Gbé mọ́tò rẹ kúrò, o dí mi lójú!"

Ọ̀kan sí ọ̀kan, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Jabez dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lois, ó ń wo aago. Àwọn ọmọ náà ti rẹ̀, wọ́n tún ti ń rọ́ wá sí àtàrí. Lois fẹ́ kúnlẹ̀, ó rántí ìbéèrè Mummy, orúnkún rẹ̀ kò tẹ̀. Ó wo òdìkejì títì. Mummy ti gun orí ìjókòó ibùdókọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè gbọọrọ, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tún, ó ń mú wọn pàdé láàárín léraléra. Àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì rò pé àdúrà ni. Ìyá kan bọ́ fìlà ọmọ rẹ̀. Bàbá kan ń ṣe "Àmín, àmín."

Lois fi gbogbo ẹ̀mí kígbe: "Pàtẹ́wọ́!"

Kíkí ya sósì. Nusaybah ya sọ́tùn-ún. Tẹniọlá di bọ́ọ̀lù mú lẹ́sẹ̀, ó ń dúró, ó ń dúró, Lois fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, kó tó tì í sí àárín. Nusaybah ló kọ́kọ́ débẹ̀. Bọ́ọ̀lù wọlé, ìdajì ibùdókọ̀ sì pariwo láìmọ ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí. Níwájú gólù, aṣọ́lé ẹgbẹ́ kejì jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de onídìrí.

Jabez bọ Lois lọ́wọ́. "Ọjọ́rú di tiyín," ló wí, ojú òun náà sì ti rin.

Oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni Mummy Àsúmáù lọ. Ó kírun Ìṣáà, ó sùn, kò jí. Ní itẹ́ òkú, Lois dúró sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ mẹ́rìndínlógún, nígbà tí lèmọ́mù ṣàdúrà, ó ṣe Àmín pẹ̀lú wọn, kò dúró bi ara rẹ̀ bóyá ó yẹ. Gbogbo ẹni tó wá kí àwọn ẹbí ló ń sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Lois sọ tirẹ̀ náà, àfi èyí kan tó fi pamọ́.

Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn yẹn ni. Àwọn ọmọ ti gbé Mummy yí pápá ká, wọ́n ti sáré lọ ra ṣíkìn. Lois ń kó àwọn kóònù jọ, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lórí koríko.

"Lois. Ṣé wọ́n ti lọ tán?"

"Wọ́n ti lọ, Mummy."

"Wò ó dáadáa." Ó ń wo bọ́ọ̀lù kan tó kù nílẹ̀. "Mi ò fẹsẹ̀ kan nǹkan yìí rí láyé mi."

Lois rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí ojú rẹ̀, ó gbé kóònù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ní Ìséyìn, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń gbá a lójúde. Tó bá wọgbó, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ gbé e, ọwọ́ ni mo sì fi ń gbé e wá. Wọ́n ní bí mo bá fẹsẹ̀ kàn án, mi ò ní rọ́kọ fẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Mo fẹ́ méjì. Mi ò sì kàn án síbẹ̀."

Lois gbé bọ́ọ̀lù náà, ó ka ẹsẹ̀ méjìlá sí iwájú gólù, ó gbé e sílẹ̀. Mummy gbé e, ó dá a padà sí mẹ́rin.

"Mummy, ẹ jẹ́ ká fi sí mẹ́jọ."

"Mẹ́ta."

Ó di mẹ́ta. Lois wọ inú gólù, ó ya ẹsẹ̀, ó na ọwọ́ bí aṣọ́lé. Mummy Àsúmáù ká aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó bọ́ sálúbàtà, ó ku òun àti ìbọ̀sẹ̀. Ó fà sẹ́yìn. Ó fẹ́ sáré, ó dúró.

"Lois, ọmọ mi. Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan."

"Ẹ máa wí, Mummy."

"Fò sí i. Fò sí i dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ mú un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n, jọ̀ọ́, má mú un."