Kòkúmọ́ Kó Ohun Tí Kò Pọndandan Lọ

Títí di òní ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Adja-Ouèrè, bí Kòkúmọ́ ṣe fa àga yọ nídìí ọba níwájú gbogbo èrò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ ọ́ máa ń ní orí rẹ̀ ló dàrú lọ́jọ́ náà. Orí rẹ̀ kò dàrú. Inú ló ń bí i, ó sì ní ìdí tó fi ń bí i.

Kòkúmọ́ ló ń tọ́jú ohun èlò fún ẹgbẹ́ eré tó ń ṣeré ní ilé àwọn ọ̀dọ́: àga, idà onígi, ìwé àṣẹ ọba, ife tí ayaba ń fi mu májèlé. Faransé ni wọ́n fi ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyí, akisẹsuwáà, òun náà sì ń fi ọ̀rọ̀ náà yangàn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní, "Ọ̀gá akisẹsuwáà ni mí," á sì na ọrùn bí àkùkọ. Láàárọ̀ ọjọ́ eré kan, Mẹ́tìrì Rogatien, olùkọ́ tó jẹ́ ààrẹ sẹ́ńdíkà, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn òṣèré, wá sọ fún un pé sẹ́ńdíkà kò lè gbà á wọlé.

"Òṣèré ni sẹ́ńdíkà wà fún, bàbá. Akisẹsuwáà ni tiyín."

"Kí ló ṣe akisẹsuwáà?"

"Kò sí ohun tó ṣe é. Ìtumọ̀ rẹ̀ náà nìyẹn: ohun tó kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan. Ohun tí kò pọndandan."

Kòkúmọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìgbà tó bá dúpẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí èèyàn sá.

Nírọ̀lẹ́, bí Gildas tó ń ṣe ọba ṣe fẹ́ jókòó, Kòkúmọ́ jáde sórí ìtàgé, ó tẹríba, ó ní, "Kábíyèsí, kò pọndandan," ó gbé àga lọ, ó sì kó gbogbo ohun èlò yòókù pamọ́. Ọba dúró títí eré fi parí. Ìránṣẹ́ mú ìwé wá lọ́wọ́ òfìfo, jagunjagun sì fi ìka pa ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tó kan Prisca, ayaba, láti mu májèlé, àtẹ́lẹwọ́ ló gbé sẹ́nu. Obìnrin kan láàárín èrò ní, "Ẹ bá a wá ife, ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ kú." Ohùn Kòkúmọ́ dáhùn lẹ́yìn aṣọ ìkélé: "Kò pọndandan."

Kì í ṣe ìyangàn lásán ló fi ń wá káàdì sẹ́ńdíkà. Òfin wọn ni pé bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò fi èjìká gbé e láti ilé dé ibojì. Kòkúmọ́ ti ru ẹrù gbogbo wọn láti Kpoulou dé Ikpinlè, nínú òjò, nínú ẹrẹ̀, lórí alùpùpù, lórí orí. Ó fẹ́ kí àwọn náà gbé òun lẹ́ẹ̀kan. Ta ni yóò sọ pé ohun tó ń béèrè pọ̀ jù?

Àwọn sẹ́ńdíkà sọ ọ́. Wọ́n ní òfin sọ pé ẹni tí èrò bá ń rí lórí ìtàgé nígbà gbogbo nìkan ni òṣèré. Kòkúmọ́ ní ó dáa. Ní Ikpinlè, níbi tí olólùfẹ́ méjì inú eré ti ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lábẹ́ igi, ó gbé àpótí ìjókòó rù, ó gba àárín wọn kọjá, ó dúró.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

"Ẹ káàbọ̀, bàbá," ni èrò dáhùn.

"Ṣé ẹ rí mi?"

"A rí yín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó bá tirẹ̀ lọ. Mẹ́tìrì bá a wí pé ó ń ba eré jẹ́. Ó ní, "Èmi ni mo ru eré náà wá, Mẹ́tìrì. Ẹ ò mọ̀ bó ṣe wúwo tó." Kò pẹ́ tí àwọn ará abúlé fi ń béèrè kí wọ́n tó jókòó: "Ṣé bàbá alápòótí máa wọlé lónìí?"

Òun náà kò rọrùn, kí a má parọ́ mọ́ òkú. Omi ewúro gidi ló ń bù sínú ife májèlé. Prisca bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́. Kòkúmọ́ ní, "O máa ń rẹ́rìn-ín tí o bá ń kú. Mo ti rí i." Látìgbà náà, kò tún sí ẹni tó kú dáadáa tó Prisca ní gbogbo agbègbè.

Nígbà tó yá, ó sú Mẹ́tìrì. Ó mú káàdì lọ sílé Kòkúmọ́ fúnra rẹ̀.

"A ti gbà, bàbá. Ẹ máa bọ̀ wá sẹ́gbẹ́."

"Bernadette tó ń rán aṣọ eré ńkọ́?"

"Aránṣọ nìyẹn."

"Hàkímù?"

"Iná ló ń tàn."

"Tí kò bá tan iná, ta ni yóò rí yín pé ẹ̀ ń ṣeré?" Ó dá káàdì padà. Ìyàwó rẹ̀, Àgbékẹ́, fi ọwọ́ lérí. "Bàbá Oyèkẹ́mi, ẹ jà títí, wọ́n gbé e wá bá yín nílé, ẹ ní ẹ ò gbà."

"Mi ò lè wọlé kí n wá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta."

Ìgbà ọyẹ́ ló kú, láìní káàdì. Kíá ni àwọn tí kò jẹ́ kó wọlé ń pè é ní bàbá wa. Nígbà tí wọ́n dé fún ìsìnkú, Bernadette dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lẹ wá gbé? Òfin yín ò mọ̀ ọ́n."

"A ti yí òfin náà padà láàárọ̀ yìí, ìyá," ni Mẹ́tìrì wí. "Òun, ẹ̀yin, Hàkímù, gbogbo yín."

"Láàárọ̀ yìí. Kí ló so yín lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí?"

Bernadette wo Mẹ́tìrì títí ojú fi tì í, kó tó yà fún wọn.

Wọ́n wọlé, wọn ò sì mọ bí a ti ń gbé nǹkan. Gildas gbé igun pósí tirẹ̀ sókè kí àwọn yòókù tó múra, ẹlòmíì kọjú sẹ́yìn, pósí há sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ fi apá ẹsẹ̀ ṣáájú," ni Hàkímù wí. "Àbí ẹ ò gbé àga kan rí láyé yín ni?"

"A ò gbé e rí," ni Gildas dáhùn, kò sì ṣàwàdà.

Ẹ̀rín bú nínú ilé òkú. Àgbékẹ́ fi etí aṣọ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, àfi ìgbà tó ní, "Ẹ rọra, kì í fẹ́ kí wọ́n máa gbé nǹkan sáré." Bernadette tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a bí òṣùká, ó fi í sí èjìká Mẹ́tìrì. "Ibí ni kí ẹ gbé e lé."

Wọ́n gba ọ̀nà oko ọ̀pẹ lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ní ìdajì ọ̀nà, Hàkímù ní kí Mẹ́tìrì jẹ́ kí òun gba tirẹ̀. Mẹ́tìrì kọ̀. Ó ní òun ṣì lè gbé e.